Káúńtì Elliott ní Kentucky: Ìbéèrè àti Ìdáhùn Lórí Bí Ìbò Ààrẹ Ṣe Ń Yí Padà ní Ìgbèríko Amẹ́ríkà

Ní oṣù kọkànlá ọdún 2016, káúńtì kékeré kan ní apá ìlà-oòrùn ìpínlẹ̀ Kentucky ṣe ohun tí kò ṣe rí láti ìgbà tí wọ́n ti dá a sílẹ̀: ó dìbò Ààrẹ rẹ̀ fún ẹgbẹ́ òṣèlú Republican. Àwọn ìbéèrè tí ó máa ń jẹ yọ nígbàkúùgbà tí wọ́n bá dárúkọ káúńtì yìí ni mo kó jọ síbí. Ìdáhùn wọn kò gùn bákan náà, nítorí pé àwọn ìbéèrè kan ní ẹran lára ju àwọn yòókù lọ.

Níbo ni káúńtì Elliott wà, irú ibi wo sì ni?

Elliott jẹ́ ọ̀kan nínú 120 káúńtì tí ó wà ní Kentucky, ní agbègbè àwọn òkè Appalachia. Káúńtì fara jọ ìjọba ìbílẹ̀ lọ́dọ̀ wa, nítorí pé òun ni ìjọba tí ó sún mọ́ ará oko jù lọ. Àwọn ará káúńtì fúnra wọn ni wọ́n ń dìbò yan olórí káúńtì, ọ̀gá àwọn agbófinró tí wọ́n ń pè ní ṣẹ́rífù, akọ̀wé káúńtì, àti ní Kentucky, ẹni tí ó ń ṣe àbójútó ọgbà ẹ̀wọ̀n káúńtì pàápàá. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi ọ̀rọ̀ àwọn ipò kékeré wọ̀nyí sọ́kàn, nítorí pé wọn yóò wúlò fún wa níwájú.

Ọdún 1869 ni wọ́n gé ilẹ̀ díẹ̀díẹ̀ lára àwọn káúńtì Carter, Lawrence àti Morgan láti fi dá Elliott sílẹ̀. Sandy Hook ni olú-ìlú rẹ̀, kì í sì í ṣe Sandy Hook ti ìpínlẹ̀ Connecticut tí ọ̀pọ̀ ènìyàn gbọ́ orúkọ rẹ̀ nínú ìròyìn. Àwọn tí ń gbé inú ìlú náà kò tó 1,000. Gbogbo káúńtì náà pátá kò ju ènìyàn 7,852 lọ nígbà ìkànìyàn ọdún 2010, ó sì ti dín kù sí 7,354 ní ọdún 2020. Àwọn aláwọ̀ funfun ni wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo wọn. Oko kéékèèké ní ẹ̀gbẹ́ òkè, tábà, màlúù díẹ̀, àti iṣẹ́ oṣù ní àwọn ìlú tí ó wà nítòsí ni wọ́n fi ń jẹun láti ọjọ́ pípẹ́.

Kí ló dé tí àwọn onímọ̀ ìṣèlú fi máa ń dárúkọ ibi tí ó kéré tó bẹ́ẹ̀?

Nítorí pé kò sí káúńtì mìíràn ní gbogbo Amẹ́ríkà tí ó dúró ti ẹgbẹ́ Democrat pẹ́ tó o. Láti ìdìbò Ààrẹ ọdún 1872, èyí tí ó jẹ́ àkọ́kọ́ tí ó bá a láyé, títí dé ti ọdún 2012, kò sí ìgbà kan tí olùdíje Republican borí ní Elliott. Bí ojú ọjọ́ ìṣèlú ṣe rí ní ìyókù orílẹ̀-èdè kò kàn wọ́n. Ní ọdún 1972, Richard Nixon ti Republican gba ìpínlẹ̀ 49 nínú 50 mọ́ George McGovern ti Democrat lọ́wọ́, síbẹ̀ McGovern gba nǹkan bí ìdá 65 nínú ọgọ́rùn-ún ìbò tí wọ́n dì ní Elliott.

Ìdí nìyẹn tí ẹnu fi ya àwọn ènìyàn nígbà tí èsì ọdún 2016 jáde.

Báwo ni wọ́n ṣe di ọmọ Democrat ná?

Ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Ogun Abẹ́lé Amẹ́ríkà, tí Àríwá bá àwọn ìpínlẹ̀ Gúúsù tí ó fẹ́ ya kúrò jà, tí ó sì parí ní ọdún 1865, ni ìpìlẹ̀ rẹ̀. Kentucky kò kúrò nínú ìṣọ̀kan Amẹ́ríkà, àmọ́ ìdílé kan wà lẹ́yìn Àríwá, ìdílé kejì wà lẹ́yìn Gúúsù, nígbà mìíràn nínú àfonífojì kan náà. Lẹ́yìn ogun, àwọn tí ó wà lẹ́yìn Àríwá di Republican, àwọn tí ọkàn wọn fà sí Gúúsù sì di Democrat. Elliott bọ́ sí apá kejì yìí. Káúńtì Jackson, tí ó wà ní ìlà-oòrùn Kentucky bákan náà, bọ́ sí apá kìn-ín-ní, Democrat kan kò sì borí ìbò Ààrẹ níbẹ̀ rí láti ìgbà ogun náà. Òkè kan náà, oko kan náà, irú ènìyàn kan náà. Ohun tí bàbá bàbá wọn gbé ìbọn fún ni ó yà wọ́n.

Àmọ́ ogun nìkan kò lè mú ìbò dúró fún ọdún 144. Nígbà tí ọrọ̀ ajé dẹnu kọlẹ̀ ní àwọn ọdún 1930, ìjọba Franklin Roosevelt gbé ètò kalẹ̀ fún àwọn àgbẹ̀ tábà: ìjọba á sọ iye tábà tí oko kọ̀ọ̀kan lè tà lọ́dún, kí ọjà má baà kún jù, iye owó rẹ̀ kò sì ní já wálẹ̀ ju bí ó ti yẹ lọ. Fún ẹni tí ilẹ̀ rẹ̀ kò ju éékà kan tàbí méjì tábà lọ ní ẹ̀gbẹ́ òkè, ẹ̀tọ́ láti ta tábà yìí dà bí ohun ìní tí a ń jogún. Owó tábà ni wọ́n fi ń san owó orí ilẹ̀, òun ni wọ́n fi ń ra bàtà ilé-ìwé fún ọmọ nígbà tí òtútù bá ń bọ̀. Iná mànàmáná tí ó dé ìgbèríko ní àkókò yẹn kan náà tún fi kún un. Ọmọdé tí ó dàgbà ní Elliott ní 1940 kò nílò ìwé kankan láti mọ ẹgbẹ́ tí ó ṣe ilé wọn lóore.

Ohun kẹta ni mo rò pé àwọn ará ìta kì í fi bẹ́ẹ̀ kà sí. Nígbà tí ẹgbẹ́ kan ṣoṣo bá gbòde ní káúńtì, ìdìbò abẹ́lé ẹgbẹ́ náà ni ìdìbò gidi fún ṣẹ́rífù, fún akọ̀wé, fún ẹni tí ń ṣe àbójútó ọgbà ẹ̀wọ̀n. Ẹni tí kò bá sí nínú Democrat kò ní ohùn nínú ẹni tí yóò máa tún ọ̀nà iwájú ilé rẹ̀ ṣe. Nítorí náà, gbogbo ènìyàn wà nínú rẹ̀: àwọn tí ó gbà á gbọ́, àwọn tí kò gbà á gbọ́, àti àwọn tí wọ́n kàn fẹ́ kí wọ́n gba àbúrò wọn síṣẹ́ ní ilé ẹjọ́.

Ṣé òṣì ni ó fà á tí wọ́n fi dìbò fún Democrat?

Rárá, bí òṣì nìkan bá ni. Ní oṣù kẹrin ọdún 1964, Ààrẹ Lyndon Johnson, tí ó jẹ́ Democrat, lọ sí ìlú Inez ní káúńtì Martin, tí kò fi bẹ́ẹ̀ jìnnà sí Elliott, ó jókòó ní ìloro ilé ọkùnrin kan tí kò níṣẹ́ lọ́wọ́, àwọn oníròyìn sì ya àwòrán wọn láti fi polongo ogun tí ìjọba rẹ̀ gbé ti òṣì. Káúńtì Republican ni Martin láti ayébáyé, kò sì fi ìyẹn sílẹ̀. Òṣì tí ó wà ní Martin kò kéré sí ti Elliott.

Kí ni àwọn nọ́ńbà sọ gan-an?

Ìdá nínú ọgọ́rùn-ún ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ fi hàn wá. Ní ọdún 2004, John Kerry ti Democrat gba ìdá 69.8 ní Elliott. Ní 2008, Barack Obama, Democrat bákan náà, gba ìdá 61. Ní 2012, Obama kan náà gba ìdá 49.4, Mitt Romney ti Republican sì gba 46.9. Ní 2016, Donald Trump ti Republican gba ìdá 70.1, Hillary Clinton ti Democrat sì gba 25.9. Ẹni tí ó bá ka èyí nìkan yóò sọ pé ilé wó lọ́jọ́ kan ṣoṣo, pé àwọn tí ó dìbò fún Obama lánàá ni wọ́n jí dìbò fún Trump lónìí. Èmi náà sọ bẹ́ẹ̀ nígbà tí mo kọ́kọ́ rí i, mo sì sọ ọ́ pẹ̀lú ìdánilójú.

Ẹ jẹ́ kí a fi ìdá sílẹ̀, kí a ka ìbò fúnra rẹ̀. Iye ìbò tí Democrat gba nìyí ní tẹ̀léǹtẹ̀lé, láti 2004 dé 2016: 2,064, 1,535, 1,186, 740. Ti Republican nìyí: 871, 902, 1,126, 2,000. Ẹ mú bébà kékeré kan, kí ẹ kọ wọ́n sí ìlà méjì, ìkan lókè, ìkejì nísàlẹ̀, kí ẹ sì máa yọ wọ́n kúrò lára ara wọn.

Láàárín 2004 àti 2008, Democrat pàdánù ìbò 529. Mélòó ni Republican rí he? Ìbò 31 péré. Níbo ni àwọn yòókù wọlé sí? Ọ̀pọ̀ jù lọ wọn kò wọlé síbì kankan. Wọn kò jáde dìbò ni. Láàárín 2008 àti 2012, Democrat tún pàdánù 349, Republican sì rí 224 kún un. Bí a bá ro ẹgbẹ́ méjèèjì pọ̀, ìbò 2,935 ni wọ́n gbà ní 2004, ó sì ti rọ̀ sí 2,312 ní 2012. Ó ju 600 ìbò lọ tí ó pòórá ní káúńtì tí ó jẹ́ pé 60 péré ni Obama fi borí Romney.

Ohun tí ó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Ní 2016, Democrat pàdánù ìbò 446, àmọ́ Republican rí 874 kún tirẹ̀. Kódà bí a bá gbà pé gbogbo 446 yẹn ni wọ́n kọjá sọ́dọ̀ Trump láìku ẹnì kan, ó ṣì ku 428 ìbò tí ó gbọ́dọ̀ ti ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn wá: àwọn tí kò dìbò ní 2012, àwọn tí ó dìbò fún àwọn ẹgbẹ́ kéékèèké, àwọn ọ̀dọ́ tí ọjọ́ orí wọn ṣẹ̀ṣẹ̀ tó àti àwọn tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kó dé.

Ṣé kì í wá ṣe ní ọdún 2016 ni wọ́n yí padà nìyẹn?

Ọdún 2016 ni ojú gbogbo ayé rí i. Ní èrò tèmi, ìrìn-àjò náà ní ìpele méjì, ìpele kìn-ín-ní kò sì ní ariwo. Ẹni tí ẹgbẹ́ rẹ̀ ti sú kì í sáré bọ́ sí ẹgbẹ́ kejì, pàápàá bí ó bá jẹ́ ẹgbẹ́ tí bàbá rẹ̀ kò fẹ́ gbọ́ orúkọ rẹ̀ nínú ilé. Yóò kọ́kọ́ jókòó sílé. Ní ọjọ́ ìdìbò, yóò ní òun ní iṣẹ́ láti ṣe lóko, tàbí pé àwọn méjèèjì kò yàtọ̀ síra. Ó lè jókòó báyìí lẹ́ẹ̀kan tàbí lẹ́ẹ̀mejì, ọdún mẹ́jọ á ti kọjá. Lẹ́yìn náà ni olùdíje kan yóò wá sọ ọ̀rọ̀ kan tí yóò gbé e dìde lórí àga, nígbà tí ó bá sì dìde, ẹnu ọ̀nà tí bàbá rẹ̀ ń gbà wọlé kọ́ ni yóò gbà.

Àwọn tí wọ́n ń ṣe ìtúpalẹ̀ ìdìbò máa ń wo àwọn tí ó dìbò. Àwọn tí kò dìbò ni ó yẹ kí wọ́n ti wò ní Elliott láti 2008. Ìdá 61 tí Obama gba lọ́dún yẹn mú kí ó dà bí ẹni pé nǹkan ṣì dúró. Ìdá 61 nínú kí ni? Nínú àpò tí ó ti ń jò.

Láti ìgbà náà, kò tíì sí àmì pé wọ́n fẹ́ padà. Trump gba nǹkan bí ìdá 75 ní 2020, ó sì tún ga ju bẹ́ẹ̀ lọ ní 2024.

Ṣé nítorí pé Obama jẹ́ aláwọ̀ dúdú ni ìbò Democrat fi bẹ̀rẹ̀ sí í dín kù ní 2008?

Ìbéèrè tí ó tọ́ láti bi ni, kò sì yẹ kí a fi ọ̀rọ̀ dídùn bò ó mọ́lẹ̀. Ìbò 529 tí ó lọ láàárín Kerry àti Obama kì í ṣe kékeré, ní ọdún tí Democrat ń gòkè sí i ní ibi púpọ̀ jákèjádò orílẹ̀-èdè. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2012, nígbà tí Obama nìkan ni orúkọ rẹ̀ wà lórí ìwé ìdìbò abẹ́lé Democrat ní Kentucky, nǹkan bí ìdá 42 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tí ó dìbò ní ìpínlẹ̀ náà tẹ̀ka sí ibi tí wọ́n kọ pé àwọn kò fara mọ́ ẹnikẹ́ni. Ààrẹ tí ó wà lórí oyè ni wọ́n ṣe èyí sí.

Ní ọwọ́ kejì ẹ̀wẹ̀, káúńtì tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ aláwọ̀ funfun pátápátá yìí dìbò fún un lẹ́ẹ̀mejì, nígbà tí àwọn káúńtì tí ó yí i ká ti ń sá lọ. Clinton, tí òun jẹ́ aláwọ̀ funfun, ni kò rí ju 740 ìbò gbà. Mo gbà pé ọ̀rọ̀ àwọ̀ wà nínú rẹ̀. N kò gbà pé òun nìkan ni.

Kí ni àwọn ohun yòókù tí ó fà á?

Mo máa fi tábà ṣáájú, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé èédú ilẹ̀ ni àwọn oníròyìn fẹ́ràn láti máa sọ. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2004, Ààrẹ George W. Bush fọwọ́ sí òfin tí ó fòpin sí ètò tábà tí Roosevelt bẹ̀rẹ̀. Wọ́n san owó gbà-má-bínú fún àwọn tí wọ́n ní ẹ̀tọ́ náà, wọ́n sì pín owó yìí sí ọdún mẹ́wàá. Ẹ wo ọdún yẹn dáadáa: 2004 ni ìgbà ìkẹyìn tí Democrat gba ìdá tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 70 ní Elliott. N kò sọ pé òfin náà ló yí ìbò padà, nítorí pé Republican ni ó fọwọ́ sí i. Ohun tí mo ń sọ ni pé okùn tí ó so oko kéékèèké pọ̀ mọ́ Democrat já ní ọdún náà. Ẹni tí kò gbin tábà mọ́ kò ní ìdí láti máa béèrè ẹgbẹ́ tí yóò dáàbò bo iye owó tábà.

Ní ti èédú, Elliott kò sí lára àwọn káúńtì tí èédú pọ̀ sí jù lọ, àmọ́ àwọn ará Elliott ní ìbátan ní àwọn káúńtì náà, wọ́n sì ń gbọ́ ìpolongo kan náà lórí rédíò pé ìjọba Obama gbógun ti èédú. Ní Ashland, níbi tí àwọn ará agbègbè náà ti ń ṣiṣẹ́ irin láti ìran dé ìran, wọ́n dá iná ìléru ńlá tí wọ́n fi ń yọ́ irin dúró ní oṣù kejìlá ọdún 2015, kò pé ọdún kan sí ìdìbò. Iṣẹ́ tí ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ ń dáàbò bò ni iṣẹ́ irin. Bí iṣẹ́ náà bá ti lọ, ìpàdé ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ lọ pẹ̀lú rẹ̀, àti ibi tí ọkùnrin kan ti ń gbọ́ lẹ́nu ọ̀rẹ́ rẹ̀ pé Democrat ni tiwa.

Ṣọ́ọ̀ṣì, oyún ṣíṣẹ́ àti ìbọn náà wà nínú rẹ̀. Àwọn ará Elliott kò yí èrò wọn padà lórí àwọn nǹkan wọ̀nyí. Ẹgbẹ́ Democrat ti gbogbo orílẹ̀-èdè ni ó yí tirẹ̀ padà, ó sì gba àkókò kí ìròyìn náà tó dé òkè.

Ṣé àwọn ènìyàn kan náà ni wọ́n yí padà, àbí àwọn mìíràn ni wọ́n rọ́pò wọn?

Méjèèjì ni, kò sì sí ẹni tí ó lè fi èsì káúńtì nìkan pín wọn sọ́tọ̀, nítorí pé ìbò jẹ́ àṣírí. Ọmọ ọdún ogún ní ìgbà Roosevelt ti lé ní ọgọ́rin ọdún nígbà tí Bush àti Kerry ń díje. Láàárín 2004 àti 2016, ọdún méjìlá ni, ọ̀pọ̀ àwọn àgbà tí wọ́n rántí ìgbà tí iná mànàmáná kọ́kọ́ dé ti sùn. Àwọn ọmọ-ọmọ wọn kò rántí nǹkan kan.

Ẹ tún ṣọ́ra nípa iye ènìyàn. Ọgbà ẹ̀wọ̀n ìpínlẹ̀ kan wà ní Elliott tí wọ́n ṣí ní ọdún 2005. Wọ́n ń ka àwọn ẹlẹ́wọ̀n mọ́ ará káúńtì nígbà ìkànìyàn, ṣùgbọ́n wọn kò lè dìbò. Kentucky jẹ́ ọ̀kan lára àwọn ìpínlẹ̀ tí òfin wọn le jù lórí èyí: ẹni tí ó ti jẹ́bi ẹ̀sùn ńlá kò ní ẹ̀tọ́ ìdìbò mọ́ lẹ́yìn ẹ̀wọ̀n, àyàfi bí gómìnà bá dá a padà fún un. Ní oṣù kejìlá ọdún 2019 ni Gómìnà Andy Beshear fi àṣẹ dá a padà fún ọ̀pọ̀lọpọ̀ àwọn tí ẹ̀ṣẹ̀ wọn kì í ṣe ti ìwà ipá, tí wọ́n sì ti parí ẹ̀wọ̀n wọn. Nítorí náà, ẹni tí ó bá mú 7,852 tí ó fi pín iye ìbò, tí ó wá ń bú àwọn ará Elliott pé wọn kì í dìbò, ti ka àwọn tí ilẹ̀kùn tì mọ́ pọ̀ mọ́ àwọn tí ó jókòó sílé, ó sì ti ka àwọn ọmọ ọwọ́ mọ́ wọn pẹ̀lú.

Mo gbọ́ pé Democrat ni ọ̀pọ̀ wọn ṣì forúkọ sílẹ̀ sí nígbà tí wọ́n dìbò fún Trump. Báwo ni ìyẹn ṣe lè rí bẹ́ẹ̀?

Ẹ rántí ṣẹ́rífù àti ẹni tí ń ṣe àbójútó ọgbà ẹ̀wọ̀n. Ní Kentucky, ọmọ ẹgbẹ́ nìkan ni ó lè dìbò nínú ìdìbò abẹ́lé ẹgbẹ́, ẹni tí ó bá sì fẹ́ pààrọ̀ ẹgbẹ́ gbọ́dọ̀ ti ṣe bẹ́ẹ̀ kí ọjọ́ 31 oṣù kejìlá ọdún tí ó ṣáájú tó kọjá. Níwọ̀n ìgbà tí ìdìbò abẹ́lé Democrat bá ṣì ni ibi tí wọ́n ti ń pinnu àwọn ipò káúńtì, ẹni tí ó gbọ́n kò ní kúrò níbẹ̀, ibi yòówù kí ọkàn rẹ̀ wà nígbà tí ọ̀rọ̀ bá di ti Ààrẹ. Ìwé ìforúkọsílẹ̀ máa ń pẹ́ lẹ́yìn ìbò. Ní gbogbo Kentucky, Republican kò borí ìbò Ààrẹ ní tuntun, nítorí pé Bill Clinton ní 1996 ni Democrat tí ó gba ìpínlẹ̀ náà kẹ́yìn. Síbẹ̀, oṣù keje ọdún 2022 ni iye àwọn tí ó forúkọ sílẹ̀ sí Republican tó kọjá ti Democrat. Ọdún 26 ló wà láàárín.

Ṣé wọ́n ti fi Democrat sílẹ̀ nínú gbogbo ìdìbò?

Ó kéré tán, wọn kò ṣe é lẹ́ẹ̀kan náà. Kentucky kì í dìbò gómìnà ní ọdún kan náà pẹ̀lú ti Ààrẹ, èyí sì ń jẹ́ kí àwọn ènìyàn lè ya ọ̀rọ̀ ìpínlẹ̀ kúrò lára ọ̀rọ̀ Washington. Ní 2019, ọdún mẹ́ta lẹ́yìn tí Trump gba ìdá 70 ní Elliott, Beshear tí ó jẹ́ Democrat borí níbẹ̀ nínú ìdìbò gómìnà. Ìbò tí kò tó 6,000 ni ó sì fi borí ní gbogbo ìpínlẹ̀, tí ó fi jẹ́ pé káúńtì kéékèèké bí Elliott ní ìtumọ̀ gidi nínú ìṣirò rẹ̀.

Ẹnì kan wà tí ó yẹ kí a dárúkọ níhìn-ín. Rocky Adkins, ọmọ Sandy Hook, ṣojú agbègbè náà ní ilé aṣòfin ìpínlẹ̀ láti 1987 títí di 2019, lábẹ́ àsíá Democrat. Ó díje nínú ìdìbò abẹ́lé fún gómìnà ní 2019, ó ṣe ipò kejì sí Beshear, lẹ́yìn náà ni ó wá di olùdámọ̀ràn rẹ̀. Ará ilé ni ẹni tí a mọ orúkọ ìyá rẹ̀. Clinton kì í ṣe ará ilé, bẹ́ẹ̀ ni Trump pẹ̀lú kì í ṣe é, àmọ́ àwọn ará Elliott ti ń fi ojú ẹgbẹ́ wo ìbò Ààrẹ báyìí, wọ́n sì ń fi ojú ẹni wo ti ìpínlẹ̀.

Ṣé èsì káúńtì kan tilẹ̀ ní agbára lórí ẹni tí yóò di Ààrẹ?

Kò ní, ní tààràtà. Àròpọ̀ ìbò gbogbo ìpínlẹ̀ ni ó ń pinnu ẹni tí yóò kó àwọn aṣojú ìpínlẹ̀ náà nínú Electoral College, ìgbìmọ̀ tí ó ń yan Ààrẹ, Kentucky sì ní aṣojú mẹ́jọ. Maine àti Nebraska nìkan ni wọ́n ń pín aṣojú ní agbègbè-agbègbè. Nítorí náà, ọmọ Yorùbá tí ó ti di ọmọ ìlú Amẹ́ríkà, tí ó ń dìbò ní Houston, inú apẹ̀rẹ̀ kan náà ni ìbò rẹ̀ bọ́ sí pẹ̀lú ti àgbẹ̀ tí ó wà ní ẹnubodè Mexico, nítorí pé Texas ni àwọn méjèèjì.

Ṣé bí Elliott ṣe yí padà náà ni àwọn káúńtì ìgbèríko yòókù ṣe ń yí padà?

Rárá, ìdí sì nìyí tí mo fi dárúkọ Texas. Káúńtì Starr, ní ẹnubodè Mexico yẹn, tí àwọn ará ibẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ọmọ Mexico tàbí àtọmọdọ́mọ wọn pátá, kò dìbò fún Republican láti 1892 títí tí Trump fi gba nǹkan bí ìdá 58 níbẹ̀ ní 2024. Ẹni tí ó bá gbọ́ èyí yóò sọ pé Elliott kejì ni. Àmọ́ ẹ wo ìbò. Ní 2016, Clinton gba 9,289 ní Starr. Ní 2020, Biden gba 9,123. Democrat kò fẹ́rẹ̀ẹ́ pàdánù nǹkan kan. Trump ni ó kúrò ní 2,224, tí ó bọ́ sí 8,247. Ní Elliott, àwọn ọmọ ilé jókòó kí wọ́n tó lọ. Ní Starr, àwọn tí kì í dìbò tẹ́lẹ̀ dà jáde lẹ́ẹ̀kan náà sí apá kejì. Ìdá nínú ọgọ́rùn-ún kò lè fi ìyàtọ̀ yìí hàn.

Irú káúńtì kẹta wà pẹ̀lú. Káúńtì Howard ní ìpínlẹ̀ Iowa ni káúńtì kan ṣoṣo, nínú èyí tí ó lé ní 3,100 ní Amẹ́ríkà, tí Obama ti fi ju ìdá 20 borí ní 2012, tí Trump sì tún fi ju ìdá 20 borí ní 2016. Irú Howard kò ní ìtàn ọgọ́rùn-ún ọdún tí yóò mú un lọ́wọ́; ó ti máa ń lọ síwá sẹ́yìn tẹ́lẹ̀.

Bí mo bá fẹ́ ṣe irú ìṣirò yìí fún káúńtì mìíràn, kí ni kí n ṣe?

Akọ̀wé káúńtì ni ó máa ń ṣètò ìdìbò, ìgbìmọ̀ ìdìbò ìpínlẹ̀ ni ó sì ń fọwọ́ sí èsì, wọ́n sì máa ń gbé e sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Èsì tí wọ́n ti fọwọ́ sí ni kí ẹ lò, kì í ṣe ti alẹ́ ọjọ́ ìdìbò, nítorí pé wọ́n ṣì máa ń ka ìbò tí ó dé nípasẹ̀ ìfìwéránṣẹ́. Ìdìbò mẹ́rin ni ó kéré jù tí ó yẹ kí ẹ kọ sílẹ̀. Méjì kò tó, nítorí pé olùdíje kan tí àwọn ènìyàn fẹ́ràn lè da ojú ọ̀rọ̀ rú. Kọ ìbò Democrat, kọ ti Republican, kọ ti àwọn yòókù, kí ẹ sì kọ iye ènìyàn tí ọjọ́ orí wọn tó láti dìbò síwájú ìkọ̀ọ̀kan. Ẹ ṣe ìyọkúrò kí ẹ tó ṣe ìdá. Bí ọgbà ẹ̀wọ̀n tàbí ilé-ẹ̀kọ́ gíga bá wà ní káúńtì náà, ẹ kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ bébà, pẹ̀lú ọdún tí wọ́n ṣí i.